Àfòmọ́, Odo àti Ọ̀rọ̀ Gígùn Gẹ̀ẹ́sì

Ó pẹ́ tí ó ti ń rí mi lára bí ìwé ìkọ́ni bá pe ègé ohùn ní “ìpín ọ̀rọ̀”, tí ó sì tún pe ègé ìtumọ̀ ní orúkọ kan náà, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń gé. Ègé ohùn mẹ́ta ni elephant ní, síbẹ̀ ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣeé pín. Ègé ohùn kan ṣoṣo ni walked, ìtumọ̀ méjì ni ó sì rù. Àwọn elédè gan-an kò fohùn ṣọ̀kan: knowl-edge ni ìwé Amẹ́ríkà ń gé e, know-ledge ni ti ìlú Ọba.

N kò bá sílébù, ìyẹn orúkọ ègé ohùn, jà. A yá a, ó sì ti di ọmọ ilé, pàápàá láti ìgbà tí àwọn àgbà onímọ̀ ti fún un ní odo, ìyẹn àárín gbùngbùn rẹ̀, àti apààlà, ìyẹn etí rẹ̀. Nínú bottle, l ni odo sílébù ìkẹyìn, bí ń ti jẹ́ odo nínú ńlá tiwa. Kí mọ́fíìmù, ìyẹn orúkọ ègé ìtumọ̀, náà máa wọlé.

Àfòmọ́, orúkọ tí a fún affix, ni iyàn wà lórí rẹ̀. Àwọn kan ní èébú ni, pé igi tí àfòmọ́ bá gùn kì í gbádùn, wọ́n sì ń fẹ́ àsomọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a so, ọwọ́ ni ó so ó, ó sì lè dá wà bí a bá tú u. Ta ni ó rí -ness kí ó dá dúró rí? Àwọn baba wa ní àfòmọ́ kò ní egbò, igi gbogbo ni í bá tan: bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni -ness ṣe ń bá happy tan, tí ó ń bá kind àti dark tan. Àní gbígba agbára igi yẹn ni ó mú orúkọ náà péye, nítorí ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni happy, ṣùgbọ́n bí -ness bá ti gùn ún, ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó dà. Ẹ tún wo à tí ó ṣíwájú fòmọ́: òun fúnra rẹ̀, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Èdè wa kò ní àfòmọ́ ìparí. Iwájú ni ọmọ Yorùbá mọ̀ tí ọ̀rọ̀ ti ń yí padà, tí jó fi di ijó, tí kọ́ fi di ẹ̀kọ́. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá gbé antidisestablishmentarianism kalẹ̀, kí ó mú un láti ìrù, kí ó bọ́ -ism, kí ó bọ́ -arian, kí ó bọ́ -ment, kí ó tó padà síwájú bọ́ anti- àti dis-, kí ó lè kan establish.