Káńfọ̀, ibà àti ẹ̀jẹ̀ ọmọbìnrin

Nílé wa ní Ìyìn-Èkìtì, ìyá àgbà kò jẹ́ kí a kó aṣọ ọmọ tuntun sínú àpótí tí káńfọ̀ wà, àwọn hóró funfun tí a fi ń lé aáyán yẹn. Mo rò pé èèwọ̀ lásán ni.

G6PD ni ọ̀rọ̀ náà: ẹ́ńsáìmù tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa. Bí kò bá tó lára ọmọ, káńfọ̀ lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ojú rẹ̀ pọ́n, kódà kó ba ọpọlọ jẹ́.

Kúrómósómù X ló gbé e. Ọkùnrin ní X kan. Obìnrin ní méjì, ṣùgbọ́n láti inú oyún ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ti ń pa ọ̀kan lẹ́nu mọ́. Kẹ́míkà methyl wà lára ohun tó fi ń dì í pa. Nítorí náà, ọmọbìnrin tí X rẹ̀ kan pé, tí èkejì ò pé, ní oríṣi sẹ́ẹ̀lì pupa méjì.

Lọ́dún 1969, Luzzatto, Usanga àti Reddy ní Ìbàdàn wo ẹ̀jẹ̀ irú àwọn ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ tí ibà ń ṣe. Kòkòrò ibà fi ìlọ́po 2 sí 80 pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tó pé ju aláìpé lọ! Àbùkù tí káńfọ̀ ń rí fìyà jẹ ni ibà ń sá fún.

Nígbà tí àbúrò mi bí ọkùnrin, èmi fúnra mi ni mo kó káńfọ̀ dànù.