Jábọ̀
"Jẹ́" àti "àbọ̀" ló di "jábọ̀". "Jẹ́" yìí ló wà nínú "jíṣẹ́". "Àbọ̀" ni à ń gbọ́ nínú "ẹ kú àbọ̀". Ẹni tó ń jábọ̀ ti lọ, ó ti rí i, ó sì ti padà wá sọ ọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju "ròyìn" lọ, torí ẹni tí kò kúrò nílé náà lè ròyìn.

Ní Kàbà, akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kàbà-Bùnú ló ń jábọ̀ fún SUBEB, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, ní Lọ́kọ́ja. Bí ìjì bá ṣí páànù kíláàsì kan ní Bùnú, ojú akọ̀wé yìí ni ìgbìmọ̀ fi máa rí i: páànù mélòó ló lọ, ọmọ mélòó ló ń kàwé lábẹ́ igi, ṣé bẹ́ǹṣì ṣì wà.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, àmọ́ ìdajì ni àbọ̀ tìyẹn. Ohùn kan náà, ìtumọ̀ ọ̀tọ̀. Ìgbìmọ̀ ò gbọdọ̀ gba ìdajì. Odindi ni kí akọ̀wé jẹ́ fún wọn, àní iye kíláàsì tí kò ní tíṣà.