Ìjàpá Nínú Kíláàsì: Bí Àlọ́ Ṣe Kọ́ Ọmọ Yewa ní Ìwé Kíkà àti Ìwé Kíkọ

Bí àwa oníròyìn bá fẹ́ kọ ìtàn ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé gíga la sábà máa ń sáré sí. Lọ́tẹ̀ yìí, kíláàsì kìíní ni mo fẹ́ ká padà sí, níbi tí gbogbo wa ti kọ́kọ́ di ìwé mú. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: kí ló ń mú kí ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò mọ A yàtọ̀ sí B wá ka ìwé, kó yé e, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó yé e? Ní tèmi, Ìjàpá ọkọ Yánníbo ni ká lọ bi.

Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa ni àlọ́ ti wà. Lálẹ́, bí wọ́n bá jẹun tán, ìyá àgbà á ní "Ààlọ́ o!", àwọn ọmọ á dáhùn pé "Ààlọ̀!" Ẹ ó rántí pé ọ̀nà méjì ló pín sí: àlọ́ àpamọ̀ tí ọmọdé máa ń já, àti àlọ́ àpagbè tí orin máa ń wà nínú rẹ̀. Bí àpagbè bá parí, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ kàn dìde lọ sùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n á bi í pé: kí ni Ìjàpá ṣe? Kí ló fà á? Ẹ̀kọ́ wo lo rí kọ́ níbẹ̀? Ohun tí ìwé Yorùbá ń pè ní àkàyé nìyẹn, àfi pé etí ni wọ́n fi ń kà á. Ọmọ tó bá ti gbọ́ ogún àlọ́ kó tó wọ ilé-ìwé kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ó ti mọ̀ pé ìtàn ní ìbẹ̀rẹ̀, pé wàhálà á ṣẹlẹ̀ láàárín, pé ẹ̀san ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tó kù kó mọ̀ ni bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ń di àmì lórí pépà.

Àwọn míṣọ́nárì ló gbé àmì A B D yẹn wá. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá lórí kíkọ èdè wa sílẹ̀. Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta lóṣù Kejìlá ọdún 1859, odindi Bíbélì sì wà ní Yorùbá nígbà tó fi máa di 1884. Abẹ́òkúta kò jìnnà sí wa. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni nígbà náà, ẹ mọ̀ ọ́n: b, a, ba, b, e, be, tíṣà á na pàṣán sí pátákó, gbogbo kíláàsì á máa kọ ọ́ lórin. Kò burú, torí a gbọ́dọ̀ mọ A B D. Àmọ́ ọmọ lè kọ orin yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé nígbà tí ìwé dorí kodò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu ń kà, ọkàn ò sí ńbẹ̀.

Ẹni tí mo rí pé ó so ilé àti ilé-ìwé pọ̀ fún wa ni Olóyè Joseph Fọláhàn Ọdúnjọ. Ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta ni, wọ́n bí i ní 1904, ó sì ṣe tíṣà àti ọ̀gá ilé-ìwé Kátólíìkì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a dàgbà lẹ́yìn kò mọ̀ ni pé Ẹ̀gbádò tiwa níbí, tí à ń pè ní Yewa lónìí, ló ṣojú fún nígbà tó wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní 1951. Òun àti Olóyè J.A.O. Odebiyi jọ wà níbẹ̀ ni. Ó sì di mínísítà ìjọba agbègbè náà. Ṣùgbọ́n ipò mínísítà kọ́ ló sọ orúkọ rẹ̀ di ohun tí ọmọdé mọ̀. Ìwé Aláwìíyé ni. Ẹ tiẹ̀ wo orúkọ ìwé náà dáadáa: ẹni tó ń wí ọ̀rọ̀ títí á fi yéni. Ọkùnrin náà ti fi iṣẹ́ ìwé rẹ̀ sí ẹ̀yìn páálí rẹ̀. Kò pè é ní Alákàsórí.

Àsìkò tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wúlò jù lọ ni àsìkò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ní 1954, ọmọ 456,600 ló wà nílé-ìwé ní gbogbo agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà nínú èrò yẹn, ẹ̀yin lẹ mọ bí bẹ́ǹṣì ṣe há tó. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí tíṣà tó mọṣẹ́ tó báyẹn? Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó wọ kíláàsì, wọn ò tíì kọ́ṣẹ́ tíṣà rárá. Irú tíṣà bẹ́ẹ̀ nílò ìwé tó máa bá a ṣe ìdajì iṣẹ́. Bí àwòrán bá wà lójú ìwé, tí ìtàn abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí òun àti ọmọ jọ gbọ́ nílé, ọ̀nà ti là nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi àlọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, ká wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Yánníbo kò rọ́mọ bí. Ìjàpá lọ bá babaláwo, ìyẹn se àsèjẹ fún un pé kó gbé e fún ìyàwó rẹ̀, kó má sì tọ́ ọ wò o. Lójú ọ̀nà, gbòǹgbò igi gbé Ìjàpá ṣubú, ọbẹ̀ ta sí i lọ́wọ́, ó fi ìka kan ẹnu, ó dùn. Ó bá jókòó, ó lá gbogbo rẹ̀ tán. Kò pẹ́, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó yára padà sọ́dọ̀ babaláwo, ó ń kọrin ẹ̀bẹ̀.

Tíṣà tó gbọ́n kò ní bẹ̀rẹ̀ látorí lẹ́tà. Ó lè ya àwòrán mẹ́ta: Ìjàpá pẹ̀lú ìkòkò, Ìjàpá nílẹ̀ lẹ́bàá gbòǹgbò, Ìjàpá pẹ̀lú ikùn gbẹ̀ǹdù. Á ní kí àwọn ọmọ wò ó, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Àwọn tó mọ àlọ́ náà á ti máa jà láti sọ ọ́. Ẹ̀yìn èyí ni ìwé á ṣí. Ọmọ tó bá fojú kan "gbòǹgbò", bó ṣe gùn tó yẹn, kò ní bẹ̀rù rẹ̀, torí ó ti mọ̀ pé gbòǹgbò ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá sì ṣi ohùn ọ̀rọ̀ mú, tó ka ọbẹ̀ bí ọ̀bẹ, tó ní Ìjàpá lá ọ̀bẹ tán, kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì tún un kà fúnra rẹ̀. Ohun tó yé e ló tún ẹnu rẹ̀ ṣe. Nínú èdè olóhùn bíi tiwa, ẹni tí ìtàn kò bá yé kò lè kà á re.

Ìbéèrè ló kàn, ìpele mẹ́ta ló sì ní. Àkọ́kọ́, èyí tí ìdáhùn rẹ̀ wà lójú ìwé: kí ni babaláwo kìlọ̀? Ìkejì, èyí tó fara sin: ṣé gbòǹgbò ló ṣe Ìjàpá ní jàǹbá, àbí ọ̀kánjúwà? Ìkẹta, èyí tó wà lọ́kàn ọmọ fúnra rẹ̀: bó bá jẹ́ ìwọ ni Yánníbo, kí ni wàá sọ fún ọkọ rẹ nígbà tó bá délé? Ìbéèrè kẹta yìí ló ń bí ìwé kíkọ. Ọmọ á kọ gbólóhùn kan sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Tó bá dọ̀la, á kọ lẹ́tà Yánníbo sí babaláwo. Àròkọ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé àròkọ le.

Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ rọrùn ní agbègbè tiwa. Yorùbá inú ìwé kì í ṣe èyí tí ọmọ Ọ̀họ̀rí tàbí ọmọ Kétu ń sọ nílé, ọmọ Ègùn ní Ìpókíá sì ní èdè tirẹ̀ pátápátá. Ọ̀nà ìkọ̀wé pàápàá yí padà ní 1974, tí "aiye" di "ayé" tí "enia" sì di "ènìyàn". Ayétòrò tí à ń wí yìí, "Aiyetoro" ló ṣì wà lára pátákó rẹ̀ títí di òní. Àmọ́ nítorí pé ọmọ mọ ìtàn, ó lè gba àárín ọ̀rọ̀ tó ṣàjèjì kọjá láìṣìnà.

Àwa tó wà létí ẹnubodè ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé jù. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà láàárín wa. Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Sàkétẹ́ bọ́ sọ́dọ̀ Faransé. Àlọ́ kan náà ni ìyá àgbà ń pa lápá méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, èdè Faransé ni ọmọ Kétu ń lọ bá nílé-ìwé láti ọjọ́ kìíní. Ní 1953, Léopold Sédar Senghor, tó di ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gà lẹ́yìn náà, àti Abdoulaye Sadji gbé ìwé kíkà kan jáde fún ilé-ìwé ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé. Ìtàn Leuk, ìyẹn Ehoro, ni, àwòrán sì wà nínú rẹ̀. Àwọn náà ti rí i pé àlọ́ ni ọmọ ń fi ń wọ inú ìwé. Ẹranko ni wọ́n rí mú wá láti ilé. Èdè ilé kò bá a wọlé.

Ẹni tó bá rò pé ìfẹ́ àṣà lásán ló ń dà wá láàmú, kó wo Ifẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ Ford Foundation. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n wá ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan. Ìwé tí kò sí nílẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú iṣẹ́ yòókù. Ilé wa náà ò kẹ̀rẹ̀ nínú ìwé ṣíṣe: ní Comprehensive High School, Ayétòrò, tí wọ́n ṣí ní 1963, àwọn tíṣà kọ ohun èlò ìkọ́ni tó bá ilẹ̀ yìí mu, iṣẹ́ wọn sì wà lára ohun tó bí CESAC ní Yunifásítì Èkó ní 1968.

Níbo la wá dé? Ìlànà ẹ̀kọ́ ti 1977 ní kí wọ́n fi èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kó jẹ́ ọdún mẹ́fà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi. Àwọn tó ṣe é ní ìdí tiwọn: wọ́n ní àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣekágbá. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó. Ní ìlú púpọ̀, ìwé lásán ni ìlànà yẹn, kò wọ kíláàsì rí. Ọmọ tí wọn ò fi Yorùbá kọ́, báwo ni Yorùbá ṣe wá gbé e ṣubú? Lónìí, ẹ ó rí ọmọ tó lè pe gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lójú ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá pa ìwé dé tí ẹ ní kó sọ ohun tó kà, á máa wo òkè. Orin b, a, ba ti padà dé, aṣọ òyìnbó ló wọ̀ wá.

Ọwọ́ wa ò tó òfin Àbújá, àmọ́ ó tó ohun kan. Kí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa kó àlọ́ méjì sílẹ̀ lẹ́nu àgbà ìlú rẹ̀ kí àpéjọ tó ń bọ̀ tó pé, ní Kétu, ní Ọ̀họ̀rí, ní Ànàgó, ní Ègùn, bí wọ́n bá ṣe ń pa á níbẹ̀. Kí a gbé e fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó yí wa ká, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Kí a tẹ̀ ẹ́ ní ìwé pẹlẹbẹ, kí orúkọ àwọn ọmọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà wa tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin la fẹ́ kí ẹ wá bá wa bi wọ́n ní ìbéèrè kẹta yẹn. Ohun tó kù kò ju pépà àti pẹ́ńsù lọ, pẹ̀lú àgbà kan tí kò tíì gbàgbé àlọ́. Irú àgbà bẹ́ẹ̀ ṣì wà láàárín wa lónìí. Ẹ jẹ́ ká tètè lọ bá wọn.

Ire ni tiwa o.