Ta ní kì í làágùn lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí dé ìparí.

Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ yìí: a kì í ṣiṣẹ́ ìjọba làágùn. Ní Òṣogbo níbí, a gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá, a gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá, àwa náà sì ti fi rẹ́rìn-ín rí. Àmọ́ ní báyìí tí àwọn ọmọ ìjọ wa ń múra láti lọ ṣe àgùnbánirọ̀, tí àwọn mìíràn ń wọṣẹ́ olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. Ẹ jẹ́ ká dé Iléṣà, ká wo bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe ṣe é.

Nígbà ogun Kírìjì (1877 sí 1893), Ògèdèǹgbé àti àwọn ọmọ ogun Èkìtì Parapọ̀ wà lójú ogun. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì kan sì wà l'Ékòó tí wọ́n ń ṣòwò, onígbàgbọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ti kó àwọn mìíràn nínú wọn lẹ́rú rí kí wọ́n tó padà wálé. Wọn ò ní, "Ogun yẹn ò kàn wá." Wọ́n kẹ́gbẹ́, wọ́n dáwó, wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Ọ̀kan nínú wọn, Haastrup, ló padà wá di Ọwá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní 1896.

Ogun parí, ìwà yẹn ò parí. Ní 1934, Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe dá Ilesa Grammar School sílẹ̀. Kì í ṣe ìjọba ló dá a sílẹ̀, kì í sì í ṣe míṣọ́n. Ẹ sì mọ Ìjẹ̀ṣà o! Òṣomàáló tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí tí yóò fi gbowó rẹ̀. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ló tú owó sílẹ̀ kí ọmọ ọlọ́mọ lè kàwé.

Ìlú yìí náà ni wọ́n bí Adájọ́ Káyọ̀dé Eso sí ní 1925. Ní 1965, wọ́n gbé Wole Soyinka wá síwájú rẹ̀ n'Íbàdàn, wọ́n ní ó fi ìbọn wọ ilé iṣẹ́ rédíò. Òṣèlú gbóná gan-an nígbà yẹn. Adájọ́ yẹn wo ẹ̀rí, ó rí i pé kò tó, ó dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Ṣé ẹ rò pé kò làágùn lọ́jọ́ náà?

Ibi tó kàn wá rèé. Ọmọ gbàwé ìgbanisíṣẹ́ lónìí, lọ́la ẹbí ń béèrè ìgbà tó máa kọ́lé. Bó bá lo ọdún márùn-ún láìra mọ́tò, a ní kò gbọ́n. Ta ló wá kọ́ ọ lólè? Àwa pásítọ̀ náà ò mọ́ níbẹ̀. A ti gba ọrẹ ńlá lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí a mọ iye owó oṣù rẹ̀, a gbàdúrà fún un, a ò bi í léèrè. Kí Ọlọ́run dárí jì wá.

Ní Sunday tó ń bọ̀, a máa dáwó fún àwọn ọmọ wa: owó ọkọ̀, bàtà, aṣọ funfun tí wọ́n máa wọ̀ ní camp. Ẹni tó bá fi sílẹ̀, kó má retí kóńtíráàtì lọ́la o. Ohun kan ṣoṣo la máa béèrè lọ́wọ́ wọn: kí wọ́n dà bíi Dáníẹ́lì, tí àwọn ọ̀tá yẹ ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wò tí wọn ò rí àléébù.

Olúwa yóò fún àwọn ọmọ wa lóògùn tó ní èrè. Bí o bá gbà á, ṣe Àmín, kí o sì fi ránṣẹ́ sí òbí kan.