Èdè, Ìrònú àti Ìmọ̀ ní Ilẹ̀ Kétu

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí bí èdè ṣe kan ìrònú, àṣà àti ìmọ̀. Edward Sapir àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Benjamin Lee Whorf, ní Amẹ́ríkà, gbà pé èdè tí ènìyàn gbọ́ dàgbà ló ń darí bó ṣe ń rí ayé. Àwọn mìíràn ta kò wọ́n pé bákan náà ni ọpọlọ ọmọ aráyé rí, èdè yòówù kí wọ́n máa sọ. Ilẹ̀ Kétu, ní agbègbè Plateau ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, dára láti fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní ìhà méjèèjì ààlà tí òyìnbó pa síbẹ̀, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ wọn níwèé, àwọn Fọ̀n àti Gùn sì ń bá wọn ná ọjà kan náà. Ẹ̀rí ibẹ̀ fi hàn pé kò sí èdè tó lè sé ìrònú mọ́. Àmọ́ èdè ló ń pinnu ẹni tó lè yẹ ìmọ̀ wò, ẹni tó lè tún un ṣe, àti ẹni tí yóò jogún rẹ̀.

Ilẹ̀ tí ààlà là sí méjì

Kétu wà lára àwọn ìlú aládé àtijọ́ ilẹ̀ Yorùbá, Alákétu sì ni oyè ọba rẹ̀. Yàrà àti odi ló yí ìlú náà ká, ẹnubodè rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àkábà Ìdẹ̀nà sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ní 1886, nígbà ayé ọba Glèlè, àwọn ọmọ ogun Dahomey, ìjọba àwọn Fọ̀n, fọ́ ìlú náà, wọ́n sì kó ará ibẹ̀ lẹ́rú. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dahomey ni àwọn tó ṣẹ́kù tó padà wá tún ilé kọ́. Kí wọ́n tó dé ni àdéhùn ọdún 1889 láàárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti la ilẹ̀ Alákétu: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ, tó wà ní Nàìjíríà lónìí, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òpìtàn A. I. Asíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, gbé ìwé kan jáde ní 1976 tó fi ìṣàkóso àwọn méjèèjì wéra láti 1889 sí 1945. Ní ìhà Faransé, iṣẹ́ àfipáṣe àti fífi ipá múni wọ iṣẹ́ ológun le débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kó ẹrù wọn sọdá ààlà. Ní ìhà Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé ìwé ìjọ ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ láti kàwé. Bó bá jẹ́ pé èdè abínibí nìkan ló ń mọ èrò ọkàn ẹni, kò yẹ kí ọ̀nà Kétu àti ti Ìmẹ̀kọ yà síra nípa ohun tí wọ́n mọ̀ nínú òfin, nínú ìwé àti nínú ọ̀rọ̀ ìlú. Ó yà, nítorí pé ilé ìwé, ìjọba àti owó tí à ń ná náà ń kọ́ ènìyàn.

Ìṣirò

Ẹ̀rí kejì wà nínú ìṣirò. Àwọn kan máa ń sọ pé òǹkà Yorùbá lọ́jú pọ̀ ju èyí tí ọmọdé lè fi ṣe ìṣirò ìgbàlódé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọ Kétu ń bá pàdé ní kíláàsì. Nílé, ogún mẹ́rin ni ọgọ́rin. Èdè Faransé tí olùkọ́ fi ń kọ́ ọ náà ń pe ọgọ́rin ní ogún mẹ́rin gan-an. Ìgbà tí wọ́n bá kọjá ibẹ̀ ni wọ́n ń yà. Láti dé àádọ́rùn-ún, Faransé fi ẹ̀wá lé ọgọ́rin, Yorùbá sì yọ ẹ̀wá nínú ọgọ́rùn-ún. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún wa yọ ẹ̀ta péré nínú ọgọ́rùn-ún. Faransé ní láti ka ogún mẹ́rin, kó tó fi ẹ̀tàdínlógún lé e. Ọ̀nà méjèèjì dé ibi kan náà, tiwa kọ́ ló sì jìn jù. Èdè Faransé tí wọ́n ń sọ ní Bẹ́ljíọ̀mù ní orúkọ mìíràn fún àádọ́rin àti àádọ́rùn-ún, tí kò gba ọ̀nà ogún rárá, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ pé ìṣirò wọn yàtọ̀ sí ti Paris. Adolphus Mann, tó kọ̀wé nípa òǹkà Yorùbá ní 1887, so ètò náà mọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń ka owó ẹyọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọlọ́jà ló bí òǹkà náà. Èyí fi hàn pé ìrònú àti iṣẹ́ náà ń mọ èdè, bí Sapir àti Whorf ṣe ní èdè ń mọ ìrònú.

Ìmọ̀ tí ọ̀pọ̀ etí ń ṣọ́

Bí èdè kò bá sé ìrònú mọ́, ṣé kò já mọ́ nǹkan kan nìyẹn? Oyè kan wà ní ààfin Kétu tó dáhùn ìbéèrè náà. Baba Ẹlẹ́gùn ni wọ́n ń pe ẹni tó ń jẹ ẹ́. Òun ló gbọ́dọ̀ mọ ìtàn ìlú sórí, kí ó sì kà á jáde nígbà tí ọba tuntun bá gorí ìtẹ́. Bó bá kà á já geere, àmì rere ni fún ọba náà. Bó bá gbàgbé, àmì búburú ni. Ẹnu kan ló ń kà á, ọ̀pọ̀ etí ló ń ṣọ́ ọ. J. O. Sodipo àti Barry Hallen, nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1986 lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣègùn Yorùbá, ṣàlàyé pé àwọn oníṣègùn náà ya ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí sọ́tọ̀ gédégédé kúrò lára ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Èyí tí a gbọ́ ń fẹ́ ìdánwò kí a tó gbára lé e. Kò sí alààyè tó fojú rí ìtẹ̀dó Kétu; ìdí nìyí tí a fi ń ka ìtàn rẹ̀ níwájú àwọn tó lè mọ̀ bí ó bá wọ́. Ogun 1886 tú ìlú ká, kò pa ìtàn náà. Nígbà tí Édouard Dunglas àti Geoffrey Parrinder, àwọn òyìnbó tó kọ ìtàn Kétu sínú ìwé, dé ní ọ̀rúndún ogún, ẹnu àwọn àgbà ni wọ́n ti bá orúkọ àwọn ọba tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó oníbòjú tí ọ̀pọ̀ gbà pé ilẹ̀ Kétu ló ti ṣẹ̀, ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ìwà àwọn alààyè. Ní òru, Èfẹ̀, akọrin tó wọ ìbòjú, á jáde, á júbà àwọn ìyá, á gbàdúrà fún ìlú, lẹ́yìn náà ni yóò fi orin tú àṣírí ọ̀dàlẹ̀ àti aṣebi, àwọn èrò á sì máa gbe é. Ìyálàṣẹ, obìnrin, wà lára àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ náà. Àwọn agbẹ́gilére ti gbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, alùpùpù àti ẹ̀rọ ìránṣọ sórí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, nítorí náà kò sí ohun tuntun tí àṣà yìí kò lè gbà wọlé. Ní 1975, Asíwájú fi hàn pé òpìtàn lè rí ẹ̀rí tó dájú nínú ewì Èfẹ̀. UNESCO náà kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn àjogúnbá ńlá aráyé.

Àwọn àtakò

Paulin Hountondji, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ta kò gidigidi kí ẹnikẹ́ni máa yọ èrò gbogbo ìlú jáde láti inú gírámà, bí Alexis Kagame ti ṣe fún èdè Rwanda. Ó ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń ronú, àwọn ará ìlú sì máa ń jiyàn láàárín ara wọn. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rí Kétu fi lágbára: àríyànjiyàn náà gan-an ló ń gbé èdè ró níbẹ̀. Ẹni tí Èfẹ̀ bú lè fèsì, àgbà lè sọ pé orúkọ ọba kan ti fò, nítorí pé gbogbo wọn gbọ́ èdè náà.

Àtakò kejì ni pé ìtumọ̀ tó: bí a bá ti kọ ìtàn Kétu ní èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, kí ló tún kù? Àwọn ọmọ Kétu tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil lè ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn. Àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé tó ń jẹ́ orúkọ Kétu níbẹ̀ ṣì mọ ewé, wọ́n ṣì ń kọrin òrìṣà ní Yorùbá, bẹ́ẹ̀ èdè Potogí ni wọ́n ń sọ lójoojúmọ́. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ó sì yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Pierre Verger, tí wọ́n tẹ̀ nífá ní Kétu tó sì di Fátúmbí, fi ìwé rẹ̀ lórí ewé ní 1995 hàn pé ọ̀rọ̀ ìṣe inú ọfọ̀ sábà máa ń wà nínú orúkọ ewé fúnra rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ń gbọ́ iṣẹ́ ewé àlùpàyídà, pé kí nǹkan yí padà, bó ti ń pe orúkọ rẹ̀. Ó lè mọ̀ bí ọfọ̀ bá ṣì mú ewé mìíràn. Ẹni tó jogún ìró nìkan ní láti gba ohun tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ìwé Parrinder: àṣìṣe tó bá wà nínú rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ títí tí ẹni tó mọ ìtàn náà yóò fi lè kà á.

Àwọn kan tún ń bẹ̀rù pé èdè púpọ̀ yóò pín orílẹ̀-èdè. Òfin ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti 11 Oṣù Kejìlá 1990 kò bẹ̀rù bẹ́ẹ̀: ó fi Faransé ṣe èdè ìjọba, ó sì fún gbogbo ẹ̀yà lómìnira láti máa sọ èdè wọn, láti máa kọ ọ́, àti láti mú àṣà wọn gbèrú. Ní Ilé-Ifẹ̀, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ àyàfi Gẹ̀ẹ́sì; àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Kò sí ìdí tí ọmọ Kétu kò fi lè mọ Faransé dáadáa, kó sì tún kọ́ ìtàn, ewé àti ìṣirò ní èdè tí ìyá àgbà rẹ̀ fi lè tún un ṣe bó bá ṣì í.