Òṣùwọ̀n Iná ní Ìbàdàn

Ọjà tí kò ní òṣùwọ̀n, ìjà ní í dá sílẹ̀. Ní ọjà Bódìjà, ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀wà yóò kọ́kọ́ yẹ kọ́ńgò wò, bóyá wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Lẹ́yìn náà ni yóò tó sanwó, tí yóò sì tún tọrọ èènì. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ iná rí láyé fìtílà. Epo inú rẹ̀ ni òṣùwọ̀n, tilé-toko ló sì ń rí i bí ó ti ń gbẹ. Ẹni tí kò fẹ́ kí epo tán yóò fẹ́ fìtílà pa. Èrò tèmi ni pé ìtàn owó iná mànàmáná ní Ìbàdàn kò ju ìtàn òṣùwọ̀n lọ: bí ó ṣe wà, bí ó ṣe sọnù, àti bí ó ṣe ń padà bọ̀.

Èkó ni iná mànàmáná ti kọ́kọ́ tàn ní Nàìjíríà, ní 1896. Òfin 1950 ni ó dá Electricity Corporation of Nigeria sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ECN. Láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó tẹ̀ lé e, Ìbàdàn di ìlú tí kò lè ṣe aláìní iná. Ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ ní 1959. A parí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ ní 1965. Àwọn ilé ìgbàlódé sì ń dìde ní Bódìjà. Nínú ilé tí ìdílé kan ń dá gbé, mítà kan, ẹnu kan ni. Baba ilé tí ó bá pàṣẹ pé kí wọ́n paná mọ̀ pé àpò òun ni òun ń ṣọ́.

Ọ̀tọ̀ ni ti Àgbówó, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ayálégbé mìíràn ti ń gbé yàrá ìkọjúsíra. Mítà kan lè wà fún yàrá mẹ́wàá. Ẹni tí ó ní gílóòbù kan àti rédíò, àti ẹni tí ó ní fíríìjì àti ẹ̀rọ ìdáná, ìwé owó kan náà ni wọ́n jọ ń pín. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá paná rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ ló ń jẹ èrè. Ọ̀pọ̀ ìjà tí a kà sí ìwà àìmọ́ra nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, àìsí òṣùwọ̀n ló bí i.

Ní 1 oṣù Kẹrin 1972, NEPA gba iṣẹ́ ECN. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, mítà kò kárí mọ́, ìwé owó àfojúbù sì gbòde káàkiri orílẹ̀-èdè. Òfin 2005 sọ NEPA di PHCN. Ní 1 oṣù Kọkànlá 2013, ìjọba fa pínpín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, tí ti Ìbàdàn sì fi Ring Road ṣe olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Àfojúbù kò tìtorí èyí kásẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù Kejì 2020, NERC, àjọ tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, fi ààlà sí iye tí a lè bù lé ẹni tí kò ní mítà.

Àwọn kan a máa wí pé Yorùbá ayé òde òní kò mọ ìṣọ́-nǹkan-lò, nítorí pé wọ́n rí gílóòbù tí ń jó lójú ọ̀sán gangan. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a ti bu owó lé lórí, yálà ó paná tàbí kò pa á, kí ni yóò tìtorí rẹ̀ paná? Kì í ṣe àṣà ló bàjẹ́. Òṣùwọ̀n ló sọnù.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ mi ni mítà alákáàdì. Iye tí ń dínkù lójú rẹ̀ dà bí epo tí ń gbẹ nínú fìtílà, ìṣírò rẹ̀ kò sì le. Ohun tí ń jẹ ẹgbẹ̀rún wáàtì fún wákàtí kan ti jẹ yúníìtì kan. Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2024, wọ́n gbé yúníìtì kan dé ₦225 fún àwọn tí wọ́n wà ní Báńdì A, tí a ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún. Ní iye yẹn, gílóòbù àtijọ́ mẹ́wàá, oní-60 wáàtì, tí ó jó fún wákàtí márùn-ún, jẹ yúníìtì 3, tí í ṣe ₦675. Mẹ́wàá irú ti òde òní, oní-9 wáàtì, kò jẹ ju nǹkan bí ₦101 lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Síbẹ̀, mítà kan fún yàrá mẹ́wàá kò tíì tó. Àwọn onílé tí wọ́n fi mítà kékeré sí yàrá kọ̀ọ̀kan ti dín ìjà kù ju ẹni tí ń ṣe ìpàdé ìlàjà lóṣooṣù lọ. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò jẹ́ kí ó rí eku, báwo ni yóò ṣe mọ ìwọ̀n ìtẹ́?