Àbójútó Ìlera Aráàlú ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀: Bí Ìròyìn Ibà Lásà Ṣe Ń Ti Inú Ilé Dé Ọ̀dọ̀ Ìjọba

Àbójútó ìlera aráàlú ni iṣẹ́ tí ìjọba ń ṣe láti tètè mọ àìsàn tó ń jà láàárín ìlú, láti dí ọ̀nà tí ó ń gbà ràn, àti láti mú kí omi, oúnjẹ, ọjà àti àyíká wà ní ipò tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Dókítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ń tọ́jú aláìsàn kan. Ẹni tó ń ṣe àbójútó ìlera ń ronú nípa gbogbo ìlú. Ìjọba ìbílẹ̀ 18 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìpele yìí sì ni iṣẹ́ náà ti súnmọ́ aráàlú jù lọ. Àpilẹ̀kọ yìí fi Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé agbègbè náà wà lára ibi tí ibà Lásà ti ń yọjú lemọ́lemọ́ ní ìpínlẹ̀ wa. Ó ṣàlàyé ẹni tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, bí ìròyìn àìsàn ṣe ń rìn, àti ìdí tí ìjáfara ọjọ́ díẹ̀ fi lè gba ẹ̀mí.

Ohun tí òfin sọ

Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lára wọn ni kíkó ìdọ̀tí, ìtọ́jú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba, ọjà, odò ẹran àti itẹ́ òkú, pẹ̀lú ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú. Àfikún kan náà sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ yóò lọ́wọ́ sí ìpèsè àti ìtọ́jú ètò ìlera pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀.

Orí ìpìlẹ̀ yìí ni a kọ́ ètò ìlera alábọ́ọ́dé lé. Ìpàdé àgbáyé tó wáyé ní Alma-Ata lọ́dún 1978 ló kọ́kọ́ pe gbogbo orílẹ̀-èdè láti gbé ìtọ́jú súnmọ́ ẹnu ọ̀nà aráàlú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó jẹ́ Mínísítà fún Ètò Ìlera láti ọdún 1985, ló sì mú èrò náà wá sí ìmúṣẹ ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ya owó sọ́tọ̀ fún un: ó pa á láṣẹ pé owó tí Ìjọba Àpapọ̀ yóò fi sílẹ̀ fún ìpèsè ìlera alábọ́ọ́dé kò gbọdọ̀ dín sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún (1%) owó tó wọ àpò rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé owó tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ gbọdọ̀ máa dé ọwọ́ rẹ̀ tààrà. Nítorí náà, bí ààtàn bá kún, bí gọ́tà ọjà bá dí, tàbí bí ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù kò bá ní òṣìṣẹ́, aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti bi káńsù rẹ̀ léèrè.

Àwọn tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn

Dókítà àgbà fún ìlera ni olórí ẹ̀ka ìlera ní ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù, wọ́n sì tún ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Òṣìṣẹ́ amójútó àìsàn wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òun ni ìròyìn àìsàn tó lè di àjàkálẹ̀ gbọdọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ibà Lásà, àrùn onígbá méjì, ibà apọ́njú tàbí àrùn rọpárọsẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù, tí àwọn olórí àdúgbò, àwọn obìnrin, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn olórí ẹ̀sìn wà nínú rẹ̀, ni alárinà láàárín ìlú àti ilé ìwòsàn.

Wolé-wolé ni a mọ̀ jù lọ nínú wọn. Àwọn àgbà ṣì rántí bí wọ́n ṣe máa ń wọ agbo ilé láti yẹ àmù wò bóyá tanwíjí ti wà nínú omi, tí wọn a sì yí lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1924, pípa eku àti yíyẹ ilé wò di iṣẹ́ ńlá. Dókítà Isaac Ladipo Oluwole, tó padà di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ Dókítà Ìlera fún Ìlú Èkó, wà lára àwọn tó dojú kọ àrùn náà. Àrùn ti Èkó yàtọ̀ sí ibà Lásà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan náà ni: ẹni tó bá fẹ́ dí ọ̀nà àrùn eku gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé tí eku ń gbé.

Ohun tí ibà Lásà jẹ́

Ìlú Lassa ní Ìpínlẹ̀ Borno ni a ti kọ́kọ́ dá àìsàn yìí mọ̀ lọ́dún 1969, ibẹ̀ ló sì ti gba orúkọ. Eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn eku yòókù lọ ló ń gbé kòkòrò àìfojúrí rẹ̀ kiri. Àìsàn náà kì í ṣe eku fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni kòkòrò náà ń bá jáde. Ẹni tó bá jẹ oúnjẹ tí eku ti tọ̀ sí, tó bá fọwọ́ kan ohun èlò tí eku ti bà jẹ́, tàbí tó bá ń pa eku tó sì ń yọ ìfun rẹ̀, lè kó o. Láti ara ènìyàn sí ènìyàn, ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, èébì àti àwọn omi ara mìíràn ló ń gbé e.

Láti ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 21 lẹ́yìn tó bá wọ ara ni àmì rẹ̀ máa ń hàn. Bí a bá rí ènìyàn mẹ́wàá tó kó o, nǹkan bí mẹ́jọ ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ní ti àwọn yòókù, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán: ara gbígbóná, àárẹ̀, orí fífọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì. Bí ó bá le, ojú lè wú, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa jáde láti imú, ẹnu tàbí ojú ara. Nínú àwọn tí àìsàn náà le débi tí a fi dá wọn dúró sí ilé ìwòsàn, nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kú. Ewu rẹ̀ pọ̀ gidigidi fún aboyún tí oyún rẹ̀ ti dàgbà, àti fún ọmọ inú rẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tó yè é ni etí wọn máa ń di; ti àwọn kan ń là padà, ti àwọn mìíràn kì í là mọ́.

Kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Òògùn Ribavirin ni a fi ń tọ́jú rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù lọ bí aláìsàn bá rí i lò láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́fà yìí ni gbogbo ètò àbójútó tí a ń ṣàlàyé rẹ̀ wà fún. Ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́rin lo òògùn ibà nílé, tó sì fi ọjọ́ méjì kiri ilé aláàgùnmu, ti ná gbogbo rẹ̀ tán kí ó tó rí dókítà.

Lọ́dún 2018, àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní ibà Lásà ní Nàìjíríà ju 600 lọ. Lọ́dún 2020, wọ́n ju 1,000 lọ. Ìpínlẹ̀ Ẹdó àti Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tí ọ̀ràn náà kàn jù lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹrin, ló máa ń gbóná jù, nítorí pé igbó ti gbẹ, a ti kórè sínú ilé, iná igbó sì ń lé eku wá sí ibùgbé ènìyàn.

Bí ìròyìn ṣe ń rìn

1. Inú ilé. Ẹnì kan nínú ẹbí ṣàkíyèsí pé ibà kò lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí aláìsàn ti ń lo òògùn ibà, ó sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ ọn jù.

2. Ilé ìwòsàn. Òṣìṣẹ́ ìlera wọ ìbọ̀wọ́, ó gba ìtàn àìsàn náà, ó sì béèrè nípa eku inú ilé àti ẹnikẹ́ni tó ń ṣàìsàn níbẹ̀. Bí ó bá fura, ó ya aláìsàn sọ́tọ̀.

3. Ìjọba ìbílẹ̀. Ilé ìwòsàn pe òṣìṣẹ́ amójútó àìsàn lójú ẹsẹ̀, láìdúró de ọjọ́ ìròyìn ọ̀sẹ̀. Aláìsàn kan ṣoṣo tí a fura sí ti tó láti pe ìpè yìí.

4. Àyẹ̀wò. A gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Nígbà kan rí, Ìrúà ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó ni a ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ. Lónìí, ilé ìwòsàn ńlá ti Ìjọba Àpapọ̀ tó wà nílùú Ọ̀wọ̀ ní ilé àyẹ̀wò àti ibùdó ìtọ́jú ibà Lásà fúnra rẹ̀.

5. Ìpínlẹ̀ àti orílẹ̀-èdè. Èsì dé ọ̀dọ̀ Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìlera ti ìpínlẹ̀ àti àjọ NCDC tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà. Bí èsì bá fi hàn pé ibà Lásà ni, ẹnì kan yẹn nìkan ti tó láti kà á sí ìbẹ́sílẹ̀ àrùn.

6. Ìpadàbọ̀ sí ilé. Àwọn òṣìṣẹ́ padà sí àdúgbò aláìsàn. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó fara kàn án, wọ́n sì ń yẹ ìgbóná ara wọn wò fún ọjọ́ 21. Wolé-wolé yẹ ilé náà wò fún ihò eku, ìdọ̀tí àti ibi tí a ń kó oúnjẹ sí.

Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni, ṣùgbọ́n ẹbí ló ni àkọ́kọ́. Bí ilé bá dákẹ́, kò sí èyí tó lè tẹ̀ lé e. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ohun tó ń kọ aráàlú lóminú

Ìdẹ́yẹsí ni ohun kìíní. Ọ̀pọ̀ ẹbí ń bẹ̀rù pé bí ọkọ̀ ìlera bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, oníbàárà yóò sá fún ọjà wọn, aládùúgbò yóò sì máa yà fún ọmọ wọn. Ẹ̀rù yìí kò jẹ́ àsọdùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a tọ́jú tó sì yè ti bọ́. A lè bá a jókòó, a lè bá a jẹun. Ìkìlọ̀ kan ló kù: kòkòrò náà lè pẹ́ tó oṣù mẹ́ta nínú àtọ̀ ọkùnrin, nítorí náà kí ó tẹ̀ lé ìmọ̀ràn dókítà lórí ìbálòpọ̀.

Ìkejì ni ọ̀ràn òkú. Ó jẹ́ ohun iyì fún wa láti wẹ òkú ẹni wa kí a sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá jẹ́ ibà Lásà ló pa á, ara òkú náà ṣì lè ràn. Ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà ṣe é, kí ẹbí dúró ní ọ̀ọ́kán, kí àdúrà àti ìdágbére má sì yẹ̀.

Ìkẹta ni gààrí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń ti ara rẹ̀ jẹun, a kò sì lè ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ohun tó léwu ni sísá oúnjẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀bá títì àti fífi í sílẹ̀ láìbò mọ́jú. Ẹ sá a sórí ibi gíga lọ́sàn-án, kí ẹ sì kó o wọlé kí oòrùn tó wọ̀, nítorí alẹ́ ni eku ń rìn.

Ìkẹrin ni pé wolé-wolé kan kò lè wọ gbogbo ilé. Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù fi ṣe pàtàkì: àwọn tó ń gbé àdúgbò ló mọ ilé tí àìsàn wọ̀ àti ààtàn tí a kò tíì kó.

Ohun tí agbo ilé lè ṣe

• Ẹ fi gààrí, ìrẹsì, ẹ̀wà àti àgbàdo sínú ike tàbí agolo tó ní ìdérí tó le.
• Ẹ dí gbogbo ihò ara ògiri, àjà àti ìdí ilẹ̀kùn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Eku náà kò ní ráyè.
• Ẹ gbé ààtàn jìnnà sí ilé, kí ẹ sì gé igbó tó yí ilé ká. Ẹ má fi iná sun igbó.
• Ẹ sin ológbò bí ó bá ṣeé ṣe.
• Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán gbé òkú eku. Ẹ má jẹ oúnjẹ tí eku ti jẹ kù.
• Bí ẹ bá ń tọ́jú aláìsàn nílé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má fi ọwọ́ lásán kan ẹ̀jẹ̀ tàbí èébì rẹ̀, kí ẹ sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Ibi tí a ti lè fi tó ìjọba létí

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù yín, tàbí kí ẹ béèrè fún òṣìṣẹ́ amójútó àìsàn ní ẹ̀ka ìlera káńsù yín. Ẹ lè pe àjọ NCDC lọ́fẹ̀ẹ́ lórí 6232. Nígbà tí ẹ bá ń pè, ẹ sọ orúkọ àdúgbò, ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, òògùn tí aláìsàn ti lò, àti bóyá ẹlòmíràn nínú ilé ń ṣàìsàn. Kò di dandan kí ó dá yín lójú pé ibà Lásà ni kí ẹ tó pè. Àyẹ̀wò ni yóò sọ ìyẹn. Tiyín ni láti má jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́fà náà kọjá.